Àsìkò Oorun àti Àtúnṣe Ara

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé oorun kò ní ìyàtọ̀: ìgbà yòówù kí ènìyàn sùn, bí ó bá ṣáà ti sùn tó, ara rẹ̀ yóò balẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀ràn ọkùnrin tí ó ń ṣọ́ ọjà lóru. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, tí àwọn ará ilé rẹ̀ ń lọ sí oko, ni òun ń wọlé bọ̀. Ó wẹ̀, ó jẹun, ó sì dùbúlẹ̀ ní aago 8 òwúrọ̀. Kò sí ẹni tí ó pè é, kò sí ọmọ tí ó sunkún, síbẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n, ojú rẹ̀ ti là. Ara ń ro ó, orí rẹ̀ wúwo, oúnjẹ kò sì wù ú. Aládùúgbò rẹ̀, tí ó sùn ní aago 9 alẹ́ tí ó sì jí ní aago 5 ìdájí, ti kọ ọ̀pọ̀ ebè kí oòrùn tó mú. Àwọn kan a máa sọ pé ọ̀lẹ ni ọlọ́dẹ náà. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Iṣẹ́ tí ara ń ṣe nígbà tí ènìyàn bá sùn ní àsìkò tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí iṣu ti ní àsìkò gbígbìn, ẹni tí ó bá sì yẹ àsìkò náà kì í rí èrè oorun gbà tán.

AAGO TÍ Ó WÀ NÍNÚ ARA

Kò sí ará abúlé tí kò mọ ewé patanmọ́, èyí tí àwọn ọmọdé máa ń fi ọwọ́ kàn kí ó lè ká ara rẹ̀ jọ. Yàtọ̀ sí eré ọmọdé yìí, patanmọ́ a máa pa ewé rẹ̀ dé ní alẹ́, a sì tún ṣí i ní òwúrọ̀. Ní ọdún 1729, ọ̀mọ̀wé ará Faransé kan tí ń jẹ́ Jean-Jacques d'Ortous de Mairan gbé ewéko kan tí ó ní irú ìwà bẹ́ẹ̀ sínú ibi tí ó ṣókùnkùn. Ó rò pé ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni ó ń jí i. Ó ṣì í rò, nítorí pé nínú òkùnkùn náà pàápàá, ewéko yìí ń ṣí ewé rẹ̀ nígbà tí ó jẹ́ ọ̀sán ní ìta, ó sì ń pa á dé nígbà tí ó jẹ́ òru.

Bí ó ti rí fún ewéko náà ni ó rí fún àkùkọ. Kí aago tó dé ilẹ̀ Yorùbá ni àwọn àgbà ti ń fi kíkọ àkùkọ mọ ìdájí. Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Japan kó àkùkọ sínú yàrá tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò yí padà tọ̀sán tòru. Àwọn àkùkọ náà kò rí ojúmọ́, síbẹ̀ wọ́n ń kọ ní ìgbà tí ìdájí ìbá jẹ́.

Ní ti ènìyàn, ọ̀jọ̀gbọ́n Nathaniel Kleitman ti Yunifásítì Chicago ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tí ń jẹ́ Bruce Richardson, wọ inú ihò àpáta ńlá kan tí à ń pè ní Mammoth Cave, ní ìpínlẹ̀ Kentucky, ní ọdún 1938. Ọjọ́ 32 ni wọ́n lò nínú ihò náà, níbi tí oòrùn kò dé. Wọ́n gbìyànjú láti sọ ọjọ́ kan di wákàtí 28 dípò 24. Ara akẹ́kọ̀ọ́ náà, tí ó jẹ́ ọ̀dọ́, gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ara Kleitman, tí ó ti lé ní 40 ọdún, kọ̀ jálẹ̀: ìgbóná ara rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń wá sílẹ̀, ní wákàtí mẹ́rìnlélógún mẹ́rìnlélógún, bí ẹni pé ó ń rí oòrùn láti inú àpáta.

Lónìí, a mọ ibi tí aago yìí wà. Nínú ọpọlọ, ní òkè ibi tí iṣan ojú méjèèjì ti gba ara wọn kọjá, ni ìdìpọ̀ sẹ́ẹ̀lì kéékèèké wà, tí iye wọn tó nǹkan bí 20,000. Ìmọ́lẹ̀ tí ń wọ ojú ni ó ń tún aago náà tò lójoojúmọ́. Lẹ́yìn olórí aago yìí, ẹ̀dọ̀ ní tirẹ̀, ọkàn ní tirẹ̀, ẹran ara àti awọ pẹ̀lú. Àwọn ará Amẹ́ríkà mẹ́ta, Jeffrey Hall, Michael Rosbash àti Michael Young, ni a fún ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2017 nítorí pé wọ́n ṣàlàyé bí aago náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì. Ara kòkòrò kékeré tí ń bo èso tí ó ti pọ́n jù ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ohun tí ìyá olọ́sàn ń fi ọwọ́ lé dànù lórí igbá ni ó gba ẹ̀bùn Nobel fún wọn.

ÀWỌN ÌRÁNṢẸ́ INÚ Ẹ̀JẸ̀

Aago kò wúlò bí kò bá sí ẹni tí yóò jẹ́ iṣẹ́ tí ó bá rán. Àwọn tí ń jẹ́ iṣẹ́ náà ni àwọn oníṣègùn ń pè ní họ́mọ́ònù. Họ́mọ́ònù jẹ́ oje tí àwọn kókó kan nínú ara ń sun sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ a gbé e kiri, ibi tí ó bá sì dé ni yóò ti sọ fún ẹ̀yà ara ohun tí yóò ṣe: kí ó dàgbà, kí ó sinmi, kí ó kó ṣúgà pamọ́, kí ó jí. Bíńtín nínú rẹ̀ tó láti yí gbogbo ara padà, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ kan láti ẹnu ọba ti tó láti tú ọjà ká. Họ́mọ́ònù pọ̀, ṣùgbọ́n mẹ́ta ni ó kan ọ̀rọ̀ yìí jù lọ.

A máa ń pe ọ̀kan ní mẹlatónìn. Kókó kan ní àárín ọpọlọ, tí kò ju hóró ìrẹsì lọ, ni ó ń sun ún. Dókítà Aaron Lerner ti Yunifásítì Yale ni ó kọ́kọ́ yọ ọ́ jáde ní ọdún 1958, láti inú kókó ọpọlọ màlúù. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú ni mẹlatónìn ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀, bí akéde tí ń lu agogo káàkiri ìlú pé òru ti dé. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, akéde náà a dákẹ́. Ìmọ́lẹ̀ tí ó lágbára lè pa á lẹ́nu mọ́ ní ọ̀gànjọ́ òru pàápàá. Alfred Lewy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó fi èyí hàn lára ènìyàn ní ọdún 1980.

Òmíràn ni họ́mọ́ònù ìdàgbàsókè, tí kókó kékeré kan ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ ń sun. Ọmọdé ni ó fi ń ga, ṣùgbọ́n àgbàlagbà kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀: òun wà lára ohun tí ń jẹ́ kí ẹran ara àti egungun má joro, tí ó sì ń jẹ́ kí ara lo ọ̀rá tí ó ti kó pamọ́. Láti mọ ìgbà tí ó ń jáde, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ pé oorun kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Ènìyàn a kọ́kọ́ tòògbé, oorun rẹ̀ a wá wọra, lẹ́yìn náà a fúyẹ́, a sì lá àlá. A tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyípo kan tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 90. Oorun àsùnwọra pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ òru, oorun àlá sì pọ̀ ní ìdájí. Ní ọdún 1968, àwọn oníṣègùn ní ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn tí ń sùn, léraléra, ní gbogbo òru. Wọ́n rí i pé kò pẹ́ tí ènìyàn bá sùn, bí oorun rẹ̀ bá ti wọra, ni họ́mọ́ònù ìdàgbàsókè tú jáde lọ́pọ̀ yanturu. Nígbà tí wọ́n sì dá àwọn kan dúró kí wọ́n má tètè sùn, họ́mọ́ònù náà dúró dè wọ́n: ìgbà tí wọ́n sùn ni ó tó jáde.

Kọ́tísọ̀ọ̀lù ni ó ṣẹ́kù. Àwọn kókó méjì tí ó gun orí kíndìnrín ni ó ń sun ún. Òun ni ó ń múra ara sílẹ̀ fún iṣẹ́ àti fún ìnira: ó ń tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀, ó ń la ènìyàn lójú. Bí ó bá pọ̀ jù fún ìgbà pípẹ́, a máa tú ẹran ara láti fi ṣe agbára. Ní nǹkan bí aago 12 òru, ó ti lọ sílẹ̀ pátápátá. Nígbà tí ó bá di nǹkan bí aago 3, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ó sì ga jù lọ ní àkókò tí ènìyàn sábà máa ń jí. Ìwà rẹ̀ yàtọ̀ sí ti họ́mọ́ònù ìdàgbàsókè. Èyí ń tẹ̀lé oorun, ṣùgbọ́n kọ́tísọ̀ọ̀lù, aago ni ó ń tẹ̀lé jù lọ. Ẹni tí kò sùn mọ́jú kò dá a dúró. Yóò dé ní ìdájí bí ó ti máa ń dé.

Ibí yìí ni ọ̀ràn ọlọ́dẹ ọjà ti so kókó. Àgbẹ̀ tí ó sùn ní aago 9 alẹ́ wọ inú oorun àsùnwọra nígbà tí kọ́tísọ̀ọ̀lù rẹ̀ rẹlẹ̀ tí mẹlatónìn sì ń pọ̀. Àwọn tí ń tún ara ṣe rí àyè ṣiṣẹ́. Ọlọ́dẹ tí ó sùn ní aago 8 òwúrọ̀ rí oorun àsùnwọra díẹ̀ lóòótọ́, nítorí pé ó ti rẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kọ́tísọ̀ọ̀lù rẹ̀ ga, mẹlatónìn ti lọ, ìgbóná ara rẹ̀ sì ń gòkè bọ̀. Bí ilé tí bíríkìlà kan ń mọ tí ẹlòmíràn sì ń yọ búlọ́ọ̀kù kúrò níbẹ̀ ni ara rẹ̀ rí. Nítorí náà ni oorun rẹ̀ ṣe fẹ́lẹ́, tí kò sì pẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ènìyàn máa ń sọ, pé wákàtí kan ṣáájú aago 12 òru tó méjì lẹ́yìn rẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n aago 12 fúnra rẹ̀ kò ní agbára kankan. Àwọn wákàtí àkọ́kọ́ nínú oorun ni ó níye lórí fún ẹran ara, bí wọ́n bá bọ́ sí àsìkò tí ara ti mọ̀.

OHUN TÍ ÌWÁDÌÍ FI HÀN

Ní ọdún 1999, àwọn onímọ̀ ní Chicago mú ọ̀dọ́mọkùnrin 11 tí ara wọn le, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n sùn fún wákàtí 4 péré lálaalẹ́, fún òru 6. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ tí ara wọn kò fi lè ṣètò ṣúgà dáradára mọ́, tí kọ́tísọ̀ọ̀lù wọn sì ga ní ìrọ̀lẹ́, ìgbà tí ó yẹ kí ó máa lọ sílẹ̀. Ní ọdún 2009, ní Boston, a fi àwọn ènìyàn 10 sí ọjọ́ oníwákàtí 28 títí oorun àti oúnjẹ wọn fi bọ́ sí òdì aago ara wọn. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ga sí i, bẹ́ẹ̀ ni ínsúlíìnì, tí ó yẹ kí ó dín in kù, pọ̀ sí i pẹ̀lú. Nínú 8 tí a yẹ̀ wò ní ọ̀nà yìí, ṣúgà àwọn 3 lẹ́yìn oúnjẹ dàbí ti ẹni tí ó ti ń sún mọ́ àrùn àtọ̀gbẹ. Kì í ṣe oúnjẹ ni ó yí padà, àsìkò ni.

Ní ti ẹran ara, ìwádìí kan tí a ṣe ní Ọsirélíà tí a sì gbé jáde ní ọdún 2021 fi hàn pé bí ènìyàn bá ṣe àìsùn ní òru kan ṣoṣo, iṣẹ́ tí ara ń ṣe láti mọ ẹran ara tuntun dínkù ní ìdá 18 nínú 100. Àwọn ọ̀dọ́ 13 ni a dán an wò lára wọn. Ẹni tí ó fi gbogbo ọ̀sán ro oko, tí ó sì fi gbogbo òru jókòó níbi àríyá, kí ó má ṣe yà á lẹ́nu bí apá rẹ̀ kò bá le gbé ọkọ́ ní ọjọ́ kejì.

Èyí tí ó yani lẹ́nu jù lọ ni ti egbò. Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe àyẹ̀wò àkọsílẹ̀ àwọn 118 tí iná jó. Àwọn tí iná jó láàárín aago 8 òwúrọ̀ sí aago 8 alẹ́, egbò wọn san ní nǹkan bí ọjọ́ 17. Àwọn tí iná jó ní òru lo nǹkan bí ọjọ́ 28. Àwọn sẹ́ẹ̀lì awọ tí ń sáré lọ dí ojú egbò ní aago tiwọn, ọ̀sán sì ni wọ́n ń yára. Ohun tí ó bá ọgbọ́n mu ni: ọ̀sán ni ènìyàn máa ń fara gbọgbẹ́ jù. Ìyá tí ń din àkàrà kí ilẹ̀ tó mọ́ ní ìdí láti tọ́jú ọwọ́ rẹ̀ ju ẹni tí ń dín in ní ìrọ̀lẹ́ lọ.

Àjọ tí ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ka iṣẹ́ òru mọ́ àwọn ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó máa fa jẹjẹrẹ ní ọdún 2007, ó sì tún sọ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2019. Èyí kò túmọ̀ sí pé gbogbo òṣìṣẹ́ òru ni àrùn náà yóò mú. Ó túmọ̀ sí pé kò yẹ kí agbanisíṣẹ́ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú àkókò tí ó ń pín fún àwọn nọ́ọ̀sì, ọlọ́dẹ àti àwọn tí ń ṣe búrẹ́dì.

BÍ ÒṢÌṢẸ́ ÒRU ṢE LÈ RÍ OORUN SÙN

Iṣẹ́ òru kò lè parẹ́. Aboyún ń bímọ lóru, olè kì í sì í dúró de ojúmọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wà tí ìpalára rẹ̀ fi lè dínkù.

Ohun àkọ́kọ́ ni ìmọ́lẹ̀. Oòrùn òwúrọ̀ tí ń wọ ojú ọlọ́dẹ nígbà tí ó ń lọ sílé ń sọ fún aago ara rẹ̀ pé iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Kí ó dé akẹtẹ̀ tí etí rẹ̀ gbòòrò, tàbí kí ó lo awò dúdú. Kí ó ta aṣọ tí ó nípọn sí ojú fèrèsé, kí yàrá náà ṣókùnkùn bí òru. Kí ó ta àwọ̀n ẹ̀fọn rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ó bá lè sun oorun wákàtí kan tàbí méjì ní ìrọ̀lẹ́ kí ó tó jáde, yóò ràn án lọ́wọ́ púpọ̀. Ará ilé pẹ̀lú ní ipa tiwọn: odó iyán lè kúrò lẹ́yìn fèrèsé rẹ̀, àwọn ọmọ sì lè lọ ṣeré ní agbo ilé kejì. A kì í jí àgbẹ̀ ní aago 2 òru láti bi í léèrè ibi tí ó fi àdá sí. Aago 11 òwúrọ̀ ni òru ọlọ́dẹ.

Lẹ́yìn èyí ni obì. Obì gbànja àti obì àbàtà ní èròjà kaféènì tí ó wà nínú kọfí àti tíì, òun ni ó ń lé oorun lọ. Ẹni tí ó jẹ obì ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ṣe dáradára. Ṣùgbọ́n kaféènì kì í tètè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ìwádìí ọdún 2013 kan fi hàn pé ẹni tí ó mu ún púpọ̀ ní wákàtí 6 kí ó tó sùn pàdánù ju wákàtí kan lọ nínú oorun rẹ̀. Ọlọ́dẹ tí yóò sùn ní aago 8 òwúrọ̀ kò yẹ kí ó fi obì kan ẹnu mọ́ lẹ́yìn aago 2 òru. Ọtí kì í ṣe àrọ́pò: a máa jẹ́ kí ènìyàn tètè sùn, ṣùgbọ́n a tún máa já oorun rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Awakọ̀ ni ó yẹ kí ó bẹ̀rù ìdájí jù. Láàárín aago 2 sí aago 6, ìgbóná ara wà ní ìsàlẹ̀, ọpọlọ sì ń lọ́ra. Àkókò yìí ni ìjàm̀bá ọkọ̀ tí oorun ń fà pọ̀ jù lọ. Orin rédíò kò tó láti lé e, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ fèrèsé. Kí awakọ̀ yà sí ibùdókọ̀, kí ó sùn fún ogún ìṣẹ́jú.

Ní ti àwọn ọmọ ilé ìwé, àṣà kan wà tí àwọn tí ìdánwò dé bá máa ń dá: wọn a ti ẹsẹ̀ bọ inú omi tútù kí wọ́n má baà sùn. Inú oorun ni ọpọlọ ti ń to ohun tí a kà ní ọ̀sán sí ààyè rẹ̀, nítorí náà akẹ́kọ̀ọ́ tí kò sùn dàbí ẹni tí ń pọn omi sínú ìkòkò tí ó jò. Ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò oorun wákàtí 9 sí 12. Ọ̀dọ́ ọdún 13 sí 18 nílò wákàtí 8 sí 10. Àgbàlagbà kò gbọ́dọ̀ dín ní 7. Ojú fóònù ni ó ń gba wákàtí wọ̀nyí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́. Nínú ìwádìí kan tí a gbé jáde ní Boston ní ọdún 2014, àwọn 12 kan ń ka ìwé lórí ẹ̀rọ tí ń tan ìmọ́lẹ̀ kí wọ́n tó sùn, wọ́n sì tún ń ka ìwé tí a tẹ̀ ní àwọn alẹ́ mìíràn. Nígbà tí wọ́n lo ẹ̀rọ, mẹlatónìn wọn dínkù ju ìdajì lọ, aago ara wọn sì sún sẹ́yìn ní wákàtí kan ààbọ̀. Ìwé tí a tẹ̀ sórí bébà kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan, èyí tí yóò dùn mọ́ àwọn tí ń wá sí yàrá ìkàwé ní alẹ́.

Àgbẹ̀ tí ó máa ń sùn díẹ̀ lábẹ́ igi nígbà tí oòrùn bá mú kò ṣe ohun àìtọ́. Ara a máa rọ̀ díẹ̀ ní ọ̀sán gangan, bí ènìyàn kò tilẹ̀ jẹun. Kí oorun ọ̀sán náà má ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, kí ó má sì bọ́ sí ìrọ̀lẹ́, kí ó má baà jí nínú ti òru.

Ẹnìkan wà tí kò sí nínú gbogbo ìwọ̀nyí: ẹni tí ń sùn ní àsìkò, tí wákàtí rẹ̀ sì pé, síbẹ̀ tí oorun ń gbé e lọ ní ìdí iṣẹ́. Bí ìyàwó irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá sọ pé ó ń han-anrun kíkankíkan, tí èémí rẹ̀ a sì dá dúró díẹ̀ kí ó tó tún mí gúlọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ọ̀nà ọ̀fun ni ó ń dí mọ́ ọn nínú oorun, ó sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru. Kí ó lọ sí ilé ìwòsàn, kí ìyàwó rẹ̀ sì bá a lọ, nítorí òun ni ó rí ohun tí ọkọ rẹ̀ kò lè rí.